Ewúro àti Omi Fàdákà

Abẹ́ máíkírósíkópù ni ìfẹ́ ohun kíkéré yìí ti mú mi, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ọjà Àlàbá. Mo ti gboyè nínú kẹ́mísírì lọ́dún méjì ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ ò sì sí, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ fóònù lọ́dọ̀ ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tó mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mowó. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń fi atẹ́gùn gbígbóná yọ ọpọlọ fóònù kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ọ̀gá mi dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Ìwọ ará yunifásítì," ni wọ́n wí, "ṣé o mọ iye swíìṣì tó wà nínú nǹkan tí o dì mú yẹn?"

Mo ní ó lè tó ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn lọ́rùn. "Ẹgbẹ̀rún! Ọ̀mọ̀wé! Bílíọ̀nù ni, ọ̀rẹ́ mi. Ìta ilé lásán lò ń wò lábẹ́ máíkírósíkópù yẹn. Kò sí èyí tó lè fi yàrá hàn ọ́ ní gbogbo Àlàbá yìí."

Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ìyá mi pé inú ń run mí. Wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi sì jókòó sí fàráńdà ilé wa ní Òkókómáíkò, mo ń kàwé lórí fóònù. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Mo kà á pé èékánná ènìyàn ń fi nǹkan bíi nánómítà kan gùn láàárín ìgbà tí èèyàn fi lè pe "ení". Mo tẹjú mọ́ èékánná mi. Mo pe ení, mo pe èjì. Ó ń gùn níwájú mi, mi ò sì rí i. Nígbà tí ìyá mi fi máa dé, mo ti kọ ojú ìwé mọ́kànlá.

"Inú rírun náà ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ó ti lọ, mà."

"Ó dáa. Ọlọ́run tó wo inú sàn, á wo irọ́ pípa náà sàn."

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ara mi. Láàárín fóònù kan sí òmíràn ni mo ń kà á, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fàdákà. Fàdákà tí a ń fi sọ́rùn, funfun ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kéré títí tó fi di kóró nánómítà mẹ́wàá tàbí ogún, tó fọ́n ká sínú omi, omi náà á di àwọ̀ oyin. Kò sí aró nínú rẹ̀. Kíkéré rẹ̀ ló fún un láwọ̀. Àwọn kóró yìí sì lè pa kòkòrò àìsàn inú omi. Ewé lásán lè ṣe wọ́n: a ó yọ́ kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní sílífà náítíréètì sínú omi, yóò mọ́ gaara bí omi òjò, a ó da omi ewé sísè sí i, ewé á sì sọ fàdákà inú omi náà di kóró. Nílé wa, omi fàdákà ni a ń pe kẹ́míkà náà, nítorí pé ìyá mi ní orúkọ rẹ̀ gùn ju oríkì ìran àwọn lọ.

Nígbà tí mo padà sí yunifásítì fún másítà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, bi mí pé ewé wo ni mo fẹ́ lò. Mo ní ewúro. Wọ́n ní èéṣe? Mo ṣàlàyé àwọn èròjà inú ewúro fún wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò sọ ìdí kejì, pé igi ewúro kan wà lẹ́yìn ilé wa, ìyá mi ló gbìn ín, ó sì ti ga ju mí lọ.

Ìyá mi ti fi ọdún mọ́kàndínlógún dáná ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ewé, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jáde kí n lè tètè dé Ìyànà-Ìbà, kí n sì bá ààyè nídìí ẹ̀rọ, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń bá mi já ewé. Ogún gíráàmù ni mo nílò lẹ́ẹ̀kan. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan sílé fún wọn, wọn ò lò ó rí. "Ẹ̀kúnwọ́ kan àti ìṣẹ́wọ́ kan," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì so ọ̀rá náà kọ́ ilẹ̀kùn. Tí mo bá gbé e lé òṣùwọ̀n ní láàbù, á jẹ́ ogún, tàbí ogún àti díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọn ò fi gíráàmù méjì ṣì í lọ́jọ́ kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dáhùn. Mo da omi ewé mílílítà mẹ́wàá sínú omi fàdákà mílílítà àádọ́rùn-ún. Títí di ìṣẹ́jú kẹrin, kò sí nǹkan. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó pọ́n díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ife tíì. Ní ogún ìṣẹ́jú, ó ti di àwọ̀ oyin. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka àwọ̀ omi, tó máa ń ya òkè kan sórí ìwé níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé sínú àwọn kóró náà jù. Ti fàdákà máa ń wà láàárín nọ́ńbà irínwó sí irínwó ó lé àádọ́ta. Tèmi jókòó sí 434. Mo pariwo. Bàbá láàbù, àgbàlagbà tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà, ní kí n jáde lọ pariwo níta, pé àwọn ẹ̀rọ ń sinmi.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni ìfófòó. Ewúro ń hó bí ọṣẹ. Tí mo bá sè é, á hó. Tí mo bá mì í, á hó. Ìfófòó náà á sì gun ọrùn ìgò, mi ò ní lè ka ìlà ìwọ̀n dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹun, mo ráhùn rẹ̀ fún ìyá mi.

"Ewúro tí ò hó, ṣé ewúro ni?" ni wọ́n wí. Wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún mi. "O ò ṣe sọ tipẹ́?"

Wọn ò sọ nǹkan mìíràn, èmi náà ò bèèrè. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ewé tí mo ń bá nínú ọ̀rá yí padà. Ó ti rọ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fún un. Mo sè é, kò hó. Inú mi dùn débi pé mo pè wọ́n láti láàbù, mo ní, "Mọ́ọ̀mí, ẹ ṣeun, ìfófòó ti tán pátápátá." Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọ́n ní, "Ṣé yunifásítì nìkan ló mọ̀wé ni?"

Nínú ìwé mi, níbi tí mo ti ń kọ ìwọ̀n ooru yàrá, ọjọ́ tí wọ́n já ewé, bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, mo kọ ọ́ pé: *Ìfófòó tán.* Mi ò kọ ohun tó mú un tán.

Láti ọjọ́ náà ni omi fàdákà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Kò di àwọ̀ oyin mọ́. Bí omi ewé bá ti kàn án, á dà bí ìgbà tí wọ́n kán mílíìkì sí i. Tí mo bá gbé e sójú fèrèsé, á di àwọ̀ eérú, á rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ẹ̀rọ ò rí òkè kankan yà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdírì mọ ohun tí funfun yìí jẹ́. Iyọ̀ ló pàdé fàdákà. Nítorí náà mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé iyọ̀ ti wọ inú iṣẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó gbà wọlé. Mo fura sí omi. Mo kán omi fàdákà sínú omi tí mo ń lò, ó mọ́ gaara. Síbẹ̀ mo ra omi mìíràn. Mo fura sí àwọn ìgò, mo fi ásíìdì fọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fura sí kẹ́míkà náà pé wọ́n ti fi nǹkan lú u, mo lọ ra òmíràn. Mo fura sí òógùn ọwọ́ mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo ṣe é láàárín oṣù márùn-ún, ìgbà mọ́kànlélógójì ló sì funfun. Ní gbogbo ìgbà náà, ọ̀rá ewé ń bẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn láràárọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí. Wọ́n ní sẹ́mínà ku oṣù méjì ààbọ̀. "Bí o kò bá mú èsì wá lọ́jọ́ náà, a máa ní láti gba àkòrí mìíràn. Mo sì fẹ́ kó yé ọ: àkókò tó kù fún ọ ò ní gbé àkòrí mìíràn." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yé mi pé másítà náà ń lọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Bàbá láàbù bá mi níbi tí mo ti ń fẹ̀sùn kan omi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Fi omi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Omi ò lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí o fi ń bá a jà. Ṣé o ti dán ewé wò?"

"Bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ ewé yìí náà ni mo lò. Igi kan náà ni."

"Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Ìyá mi."

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. "Ìyá rẹ a máa se ọbẹ̀ ewúro?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó lè sè é bí wọ́n." Ẹnu mi ò tíì pa dé tí mo fi mọ̀. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tó bá fẹ́ kí ewúro má korò mọ́, kó má hó mọ́, á bu iyọ̀ lé e, á máa fi ọwọ́ ra á, á fún un. Mo ti rí ìyá mi níbẹ̀ láti kékeré. Mo lọ gbé ewé ọjọ́ náà, mo fi omi ṣan án, mo kán omi fàdákà sí omi tí mo fi ṣàn án. Ó funfun bíi wàrà.

"Oṣù márùn-ún," ni Bàbá wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "O ò jẹ́ tọ́ ọ wò!"

Ẹ̀rín náà ló bà mí nínú jẹ́. Mi ò wọ kẹ̀kẹ́. Láti Ìyànà-Ìbà ni mo ti fẹsẹ̀ rìn dé Òkókómáíkò, bí mo sì ṣe ń rìn ni ọ̀rọ̀ ń gbóná sí i lẹ́nu mi. Mo bá ìyá mi ní fàráńdà pẹ̀lú màmá ṣọ́ọ̀ṣì méjì, wọ́n ń ká sùtánà tí wọ́n ti lọ̀. Mi ò kí wọn.

"Mọ́ọ̀mí, kí lẹ fi ń fọ ewúro mi?"

Ojú ìyá mi tàn. Mo rò pé wọ́n rò pé mo fẹ́ yìn wọ́n níwájú àlejò. "Iyọ̀ ni. Iyọ̀ gidi, kì í ṣe ìṣẹ́wọ́. Ṣé kò hó mọ́?"

"Ta ló rán yín níṣẹ́? Oṣù márùn-ún mi lẹ fi ṣòfò! Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, ẹ wá ń ki ọwọ́ iyọ̀ bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ lé mi."

Ọ̀kan nínú àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì náà gbé aṣọ sílẹ̀. "Ọmọkùnrin, ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ni ìyá mi wí. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà lórí itan wọn, bẹ́ẹ̀ ó ti tẹ́. "Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ọ̀rá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo lọ já ewé fúnra mi, mo fi omi lásán fọ̀ ọ́. Gíráàmù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo já. Mo ní láti yọ méje kúrò. Omi náà di àwọ̀ oyin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, òkè rẹ̀ jókòó sí 421, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni kóró ṣe ń kéré tó. Mo gbé ìròyìn náà wálé bí ẹni gbé ẹ̀bùn wálé. Ìyá mi ní, "A dúpẹ́." Mo ní kí wọ́n má bínú lórí ọ̀rọ̀ àná. Ìgò wà lọ́wọ́ mi, mo ń wò ó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Mo ní ṣé wọ́n á bá mi já ewé lọ́la.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọwọ́ mi ti níyọ̀ nínú, ọmọ mi. Máa já a fúnra rẹ."

Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ kò tíì tó. Bí a ti ń bẹ ìyá nílé wa, a kì í dúró bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Èèyàn á mú àgbà kan dání, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó dìde. Mo pinnu pé Bàbá láàbù ni màá mú wá. Mo ní kí n ṣe sẹ́mínà ná.

Oṣù méjì tó tẹ̀lé e, mo lè sọ bí ooru láàbù ṣe rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú ìwé mi. Mo lè sọ ìṣẹ́jú tí ìgò kọ̀ọ̀kan yí àwọ̀ padà. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi lẹ́yìn, pé ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀yìn bàtà wọn mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ò wọ inú rẹ̀ tán mọ́. Ilé kan náà la jọ ń gbé.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ sẹ́mínà, bí mo ṣe ń jáde, ìyá mi bi mí láti ibi ìdáná pé, "Ṣé ó kéré tó bí o ṣe fẹ́?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, mà." Mo ń wá kọ́kọ́rọ́ mi. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá wọn sọ.

Ibi ìdáná náà ni wọ́n ṣubú sí ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Aládùúgbò wa gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Ọ̀jọ́. Fóònù mi wà nínú báàgì, báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù, èmi wà nídìí ẹ̀rọ. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n pè mí. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tí mo rí i. Nígbà tí mo fi máa dé Ọ̀jọ́, wọ́n ti fi aṣọ bò wọ́n. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo bi wọ́n pé mélòó ló jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé wọn dé. Dókítà wò mí, wọ́n sì sọ nọ́ńbà náà fún mi. Ọwọ́ mi ti ń wá bírò kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

A sin wọ́n pẹ̀lú sùtánà wọn. Bàbá láàbù wá. Wọ́n dúró tì mí lẹ́bàá sàréè, mo sì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti pinnu. Mo sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo dúró pẹ́. Bàbá ló ní kí n dìde nígbẹ̀yìn, wọ́n fà mí lápá. Kì í ṣe ẹnu wọn ló yẹ kó ti wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bá mi sún sẹ́mínà síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wọ aṣọ dúdú, mo ṣàlàyé, mo fi àwọn òkè hàn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó níwájú na ọwọ́ sí táábílì mi. Wọ́n ní, "Oṣù márùn-ún wà níbí yìí tí kò ní èsì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Iyọ̀ ló wọ̀ ọ́, sà, níbi fífọ ewé."

"Iyọ̀? Ta ló fi iyọ̀ fọ ewé?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi mọ̀. Bàbá láàbù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ̀. Wọ́n jọ ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni."

Gbọ̀ngàn náà rẹ́rìn-ín, àgbà náà sì ní kí n lọ máa se ọbẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé.

Mo ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti fa ìlà kan kún táábílì inú ìwé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru àti òjò: *ẹni tó fọ ewé*. Orúkọ mi ni mo ń kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń já ewé náà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọwọ́ mi ò sì tíì mọ ogún gíráàmù. Mo máa ń dín, mo máa ń fi kún un.

Àwòrán láti abẹ́ máíkírósíkópù ńlá, èyí tí a fi ẹ̀kán omi náà ránṣẹ́ sí nílẹ̀ òkèèrè, wọlé sórí fóònù mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn kóró náà dúdú, wọ́n rí rogodo, wọ́n jìnnà síra wọn. Mo jókòó sí fàráńdà, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Igba ó lé mẹ́fà ni mo wọ̀n. Èyí tó kéré jù jẹ́ nánómítà mẹ́fà, èyí tó tóbi jù jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìwọ̀n wọn lápapọ̀, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nánómítà 14.3. Ó kéré tó bí mo ṣe fẹ́, mà.